Ògì Lápá Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, àti ẹ̀yin àna mi ní Ọ̀kà, mo kí yín o. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ kiri. Wọ́n ní mo bá ọba àwọn Ítálì jẹun nínú àwo kan náà. Wọ́n ní mo ti di òyìnbó, pé bí mo bá ń rán aṣọ báyìí, mo máa ń fi èdè wọn bá abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. N kò rí ọba kankan, abẹ́rẹ́ mi kò sì gbọ́ ju Yorùbá lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò níyì tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ògì pa ènìyàn. Kì í ṣe ògì olóró o. Ògì àgbàdo lásán ni, irú èyí tí ẹ mu láàárọ̀ yìí.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé Kejì ni mo kà dé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì kí bàbá mi tó gbọ́ pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní a, b, d, tó wá fi pàṣán lé mi lọ sí ilé kéú. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ pín in sí méjì, ìdajì fún míṣọ́nnárì, ìdajì fún áfà.

Onígi

Ẹ mọ òyìnbó tí à ń pè ní Onígi, ẹni tó ń ra igi ọ̀gànwó nínú igbó ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun Jámánì. Ẹ̀yin rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ará Ítálì ni. Èmi ni mò ń bá a rán ṣòkòtò, nítorí pé ìdí rẹ̀ tóbi, gbogbo ṣòkòtò tó gbé wá láti ìlú rẹ̀ ló ti ya. Ti èmi kò ya. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Bùráímọ̀, o ó bá mi lọ sílé." Ó ní àwọn ènìyàn òun ń fi ọ̀gànwó wa kan ọkọ̀ tó ń fò, pé aṣọ ni wọ́n fi ń bo apá rẹ̀, pé òun fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ tó ń rán aṣọ tí kì í ya. Mo mọ̀ pé ẹni tí yóò máa fọ aṣọ òun lójú ọ̀nà ló ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n yìn tí kò tẹ́tí?

Mo sọ fún Sàlámọ̀ ìyàwó mi. Ó ń yan èlùbọ́ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìwọ? Ọkọ̀ tó ń fò?"

"Wọn ò ní kí n gùn ún. Aṣọ ni n ó máa rán."

"Ìwọ tí àwọn bàbá mi sọ̀kalẹ̀ wá bá ní ìsàlẹ̀ òkè nítorí pé o kò lè gun òkè Ọ̀kà wá tọrọ mi?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

N kò rántí ẹsẹ̀ wo ni mo pè é nígbà náà. Ẹ̀yin àna mi, òótọ́ ni, ẹ sì ti fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ tó. Ibi tó ga kì í bá mi lára mu. Bí mo bá dúró lórí àpótí láti so aṣọ kọ́, orúnkún mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà.

Nípa ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa, n kò ní sọ púpọ̀. Mo bì láti èbúté wa títí dé tiwọn. Ẹja òkun mọ̀ mí dáadáa.

Ìlú adágún

Ìlú tí a dé wà létí adágún omi kan, ó gùn débi pé ojú kò tó òdì kejì rẹ̀ dáadáa. Òkè yí i ká. Nígbà tí mo rí àwọn òkè náà, inú mi dùn, mo ní, "A ti dé Àkókó." Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé orí wọn funfun. Onígi ní yìnyín ni. Mo ní ta ló gbé e lọ síbẹ̀? Ó gbé àpótí rẹ̀ lé mi lórí.

Àwọn ará ibẹ̀ ń pariwo ju àwa lọ. Ẹ má rò pé mo ń bu yín. Bí ènìyàn méjì bá ń bi ara wọn pé ṣé wọ́n jí ire, ẹni tó bá wà lókèèrè á ti máa wá ẹni tí yóò là wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Èyí kò ṣòro fún mi. Àwa Àkókó tí a ń gbé ibi tí ìlú méjì kì í gbọ́ èdè ara wọn, ta ló fẹ́ fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kọ́ wa? Bí ará Òkè-Àgbè bá wá rán aṣọ lọ́dọ̀ mi, tí ọ̀rọ̀ wa kò yéra, ṣé kì í ṣe ọwọ́ la fi ń parí rẹ̀? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo ti lè fi ọwọ́ bú ènìyàn ní èdè Ítálì.

Ohun tó dà mí láàmú ni ìkíni wọn. Ẹyọ kan péré ni wọ́n ní. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, "bọ̀n jọ́nọ̀." Ẹni tó jókòó, "bọ̀n jọ́nọ̀." Ẹni tó bímọ, ẹni tó ń pọn omi, ẹni tí òjò pa, ọ̀kan náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn bí a ṣe ń kí ènìyàn: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú òtútù o. Wọ́n á dúró, wọ́n á yọ fìlà, wọ́n á máa retí ohun tí mo fẹ́ tọrọ.

Wọ́n ń fi ìka pa mí lára, wọ́n á wo ìka wọn bóyá dúdú náà bó. Ìyá arúgbó kan wo ìka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dàbí ẹni pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Mo gbà á láàyè. Mo ti fi ọwọ́ kan irun àyà Onígi nígbà tí mò ń wọn ẹ̀wù sí i lára, n kò sì tọrọ ààyè.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi sí nǹkan gbogbo. Bí ẹ bá rí ẹ̀fọ́, ẹ tú u wò, ẹlẹ́dẹ̀ sá pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó gbà mí ni ìyẹ̀fun àgbàdo kan tí wọ́n ń rò nínú ìkòkò idẹ, pupa rúsúrúsú, polẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á dà á sórí pákó, wọ́n á fi òwú gé e bí ẹni gé ọṣẹ. Ó jọ tùwó, ṣùgbọ́n kò kan, kò ní ìwà. Ọkàn mi ń fà sí ẹ̀kọ. Mo bá tọrọ ìyẹ̀fun yẹn, mo rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ó di ògì, ó kan dáadáa. Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn mi. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé kan náà ń wá òkú eku kiri fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀

Inú gbọ̀ngàn iṣẹ́ ńlá kan ni ọkọ̀ náà wà. Bí mo ṣe wọlé, mo gbàgbé pé ẹ̀rù yẹ kó bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò tí ì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ènìyàn. Igi ọ̀gànwó wa, tí ẹ̀yin fi ń dáná, wọ́n ti fá a títí ó fi ń tàn bí ojú omi. Abẹ̀bẹ̀ tó ń fa ọkọ̀ náà sínú afẹ́fẹ́, ọ̀gànwó ni, wọ́n lọ́ ọ bí ẹni tó ń jó. Apá rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, egungun igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fi aṣọ ọ̀gbọ̀ bò ó, wọ́n rán an mọ́ egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ojú abẹ́rẹ́ wọn. Ó dọ́gba. Mo jowú.

Lẹ́yìn tí ẹwà náà ti tán lójú mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyókù.

Ọkọ̀ náà ní ìdí ọkọ̀ ojú omi méjì, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èrò ń jókòó nínú ti ọ̀tún, èrò ń jókòó nínú ti òsì. Awakọ̀ wà láàárín lórí apá, òun nìkan, bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé méjèèjì. Kò gbọ́ ohun tí ará ọ̀tún ń sọ, kò gbọ́ ti ará òsì. Mo bi Onígi pé bí ènìyàn bá fẹ́ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó fi okùn ṣẹ́dà kan hàn mí, ó pupa, ó ní wajawaja lẹ́nu. Wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ awakọ̀. Fà á lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Fà á lẹ́ẹ̀mejì, o fẹ́ bì. Fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí tí mo sì fẹ́ bì ńkọ́?"

"Bùráímọ̀, ìwọ ni yóò ba ọkọ̀ yìí jẹ́."

Ẹ́ńjìnnì méjì wà lókè orí awakọ̀. Ọ̀kan kọjú síwájú, èkejì kọjú sẹ́yìn, wọ́n kẹ̀yìn síra bí orogún tó jà lánàá. Mo ní bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ tí èkejì fẹ́ padà ńkọ́? Onígi ní ọ̀kan ń fà, èkejì ń tì. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni orogún.

Ẹni tó ro gbogbo rẹ̀ jáde lórí ìwé ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ ìbọ̀wọ́. Ní ọjọ́ tí a dé, ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jà. Mo rò pé apá ọkọ̀ ló ń fà á. Kọ́tìnnì ni. Wọ́n fẹ́ ta kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sí ojú fèrèsé èrò, òun ní kó jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, nítorí pé àrán pupa ni ìjókòó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ọ́. Òdòdó wà nínú ife lẹ́bàá ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bẹ́pẹ̀, ní orúnkún òun kò wọ ibi tí wọ́n ṣe fún òun, Ẹnjiníà wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ta ló ní kí o ga?"

Èmi náà, mo rò pé ìdí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi sí i, ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó fi òdòdó sínú ọkọ̀ òfuurufú, kí ni kò ní fi sí i? Orí kẹ̀kẹ́ ni ọkọ̀ náà wà nínú gbọ̀ngàn, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ mi

Àwọn obìnrin ló ń rán aṣọ apá ọkọ̀. Olórí wọn ni Màmá Terésà, obìnrin sísanra kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n fún mi níṣẹ́ láàárín wọn, mo sì ṣe é dáadáa, wọ́n á máa pè mí wá wo èyí, wá wo ìyẹn. Orí mi wú.

Onígi kò jẹ́ kó pẹ́. Ó kéde fún gbogbo wọn pé Ọ̀gágun kan ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá wo ọkọ̀ náà, bóyá ìjọba yóò rà á, pé lọ́jọ́ náà, èmi Bùráímọ̀ yóò wà lára èrò, kí Ọ̀gágun lè rí ọmọ ilẹ̀ tí igi náà ti wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àwáwí. Lọ́jọ́ Ajé, eyín ń ro mí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lá àlá ìyá mi. Lọ́jọ́rú, mo ní ẹ̀sìn mi kò gba kí ènìyàn jókòó lórí àrán. Bẹ́pẹ̀ sọ mí ní "ehoro". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé nílé wa ọlọ́gbọ́n ni ehoro. Onígi ló wá là á yé mi pé ojo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Bẹ́pẹ̀ ní kí n wá gòkè kí ara mi lè mọ̀ ọ́n. Ó fà mí sórí apá ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ kò ga ju àyà mi lọ, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa tẹ orí egungun, kí n má tẹ aṣọ. Mo tẹ egungun kìíní, mo tẹ ìkejì. Mo wá wo ilẹ̀. Ojú mi ṣókùnkùn, mo gbé ẹsẹ̀ sí ibi tó bá rí, fàáà! Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún já gba inú apá ọkọ̀ Ítálì, ó ń fì nísàlẹ̀ bí agogo.

Gbogbo gbọ̀ngàn sáré wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni Bẹ́pẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Màmá Terésà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ sọ fún mi, ó sì yé mi kedere: ìwọ lo ya á, ìwọ ni yóò lẹ̀ ẹ́.

Omi inú agolo

Mo gé aṣọ ọ̀gbọ̀, mo rán an mọ́ ojú ihò náà, ojú abẹ́rẹ́ mi kò sì dójú tì mí. Ohun tó kù ni kí aṣọ náà le, kó nà gan-an bí awọ ìlù. Omi kan ni wọ́n fi ń kùn ún kó tó le bẹ́ẹ̀, inú agolo ló wà. Màmá Terésà gbé agolo náà fún mi, ó fi ọwọ́ júwe pé kí n kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì bá ti kọ́tìnnì lọ.

Mo ṣí agolo. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọtí ni! Ó ń rùn bí ọtí òyìnbó tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Orí mi ń yí láì tọ́ ọ wò. Bàbá mi kò lé mi kúrò lọ́wọ́ míṣọ́nnárì kí n lè wá máa fi ọwọ́ bọ ọtí ní ìlú òyìnbó. Mo dé agolo náà padà.

Mo wá ronú. Ta ni wọ́n ń gbé ẹ̀wù wá fún ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ ọdún, pé kó bá àwọn ṣe é kó gan? Tí agbádá bá ti ọwọ́ mi jáde, ṣé ó nílò ènìyàn nínú rẹ̀ kó tó dúró? Kí ni mo sì ń fi ṣe é? Mo sáré lọ sábẹ́ ibùsùn mi.

Mo se ògì náà kó fúyẹ́, mo fi ọwọ́ pa á wọ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Nígbà tó gbẹ, mo fi ìdí ìgò lọ̀ ọ́. Ó tàn. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ibi yòókù. Màmá Terésà padà wá, ó fi ìka kàn án, ó dún kánkán. Ó fi ẹnu ko orí ìka ara rẹ̀, ìyẹn ni pé ó dára. Mo tẹrí ba bí ẹni tó nírẹ̀lẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ ní Ìkàrẹ́.

Ọ̀rọ̀ Bẹ́pẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Ọ̀gágun yóò dé, Bẹ́pẹ̀ jókòó tì mí létí adágún, ó ń jẹ àlùbọ́sà bí ẹni ń jẹ ọsàn. Onígi ń túmọ̀. Bẹ́pẹ̀ ní kí n má bẹ̀rù òkè, òkè kò burú. Ibi tó burú ni kí a tó gbéra.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Omi," ni Onígi wí. "Ó ní bí ọkọ̀ bá ń sáré lórí adágún, omi á máa ta lu apá ìsàlẹ̀ bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. O ó tutù rinrin."

"Lórí adágún? Ọkọ̀ òfuurufú?"

"Kí lo rò pé ìdí ọkọ̀ ojú omi yẹn wà fún?"

N kò sọ ohun tí mo rò. Ohun tí mo rí lójú ọkàn mi ni ẹ̀wù ọdún tí òjò pa. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wù tó dúró ganganran láàárọ̀, òjò á kàn án, á rọ̀ mọ́ ara ẹni bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Mo rí apá ọkọ̀ náà tó dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo Bẹ́pẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, àlùbọ́sà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ obìnrin mẹ́ta, mo ti bá wọn jẹ polẹ́ńtà.

"Ọ̀gá," mo ní, "kí ọkọ̀ yìí má fò lọ́la."

Onígi bú sẹ́rìn-ín. "Eyín ni tàbí àlá?"

"Ibi tí mo lẹ̀ kò dára. Ògì ni mo fi kùn ún."

Ó wò mí. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún Bẹ́pẹ̀. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ògì!" ni Onígi wí. "Bùráímọ̀, nínú gbogbo àwáwí rẹ, èyí ló dùn jù."

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra."

"Lọ́jọ́rú lo fi Ọlọ́run búra pé àrán jẹ́ èèwọ̀."

Mo lọ bá Màmá Terésà. Mo nawọ́ sí abọ́ ògì mi, mo nawọ́ sí apá ọkọ̀, mo fi ọwọ́ júwe ìṣubú. Ó ṣe "àà!", ó di mí mọ́ra, ó bu polẹ́ńtà fún mi, ó tún fi wàràkàṣì sí i. Ó rò pé ebi ló fẹ́ gbé mi ṣubú. Mo rò ó pé kí n lọ fi ọ̀bẹ ya aṣọ náà fúnra mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti gbọ̀ngàn, ajá méjì ló ń ṣọ́ ọ, ẹ sì mọ èmi àti ajá.

Omi fáàdà

Ọ̀gágun dé ní òwúrọ̀, ọkùnrin kúkurú kan tí ìyẹ́ ẹyẹ wà lórí fìlà rẹ̀. Gbogbo ìlú wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ti ti ọkọ̀ náà jáde sí etí omi, oòrùn ń tàn lára rẹ̀. Mo búra fún yín, ó lẹ́wà débi pé ojú ń ro mí láti wò ó. Ẹnjiníà rìn yí i ká, ó tún òdòdó kan ṣe nínú ife rẹ̀. Bẹ́pẹ̀ ti wọ àyè rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀.

Fáàdà ló kọ́kọ́ jáde. Àṣà wọn ni pé wọn kì í lo ohun titun láìjẹ́ pé fáàdà wọ́n omi sí i. Bàbá arúgbó kan gbé omi náà tẹ̀lé e nínú garawa fàdákà. Fáàdà ń ti igi kékeré bọ̀ ọ́, ó ń wọ́n ọn, tín-ń-tín, tín-ń-tín. Ìkán kan bọ́ sórí ibi tí mo lẹ̀. Mo rí i tí àbàwọ́n rẹ̀ ń fẹ̀. Ẹlòmíràn kò rí i.

Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo já garawa náà gbà lọ́wọ́ bàbá arúgbó. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," mo sì da gbogbo rẹ̀ sórí apá ọkọ̀.

Àwọn obìnrin ké. Fáàdà gbé ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ tàn: ó rò pé mo ti gba ẹ̀sìn rẹ̀, pé ìtara ló pọ̀ jù. Ẹnjiníà di orí mú. Ṣùgbọ́n ojú Bẹ́pẹ̀ wà lára aṣọ náà, nítorí pé òun ló sún mọ́ ọn jù. Aṣọ náà kọ́kọ́ yọ wàìwàì. Lẹ́yìn náà ó dẹ̀. Ó rọ̀ sílẹ̀ bí ọyàn ìyá àgbà, omi ògì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó sórí bàtà Ọ̀gágun. Òórùn rẹ̀ jáde. Ó ti kan dáadáa.

Ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan bàtà rẹ̀, ó fi ìka náà sẹ́nu.

"Polẹ́ńtà," ó wí.

Onígi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹsẹ̀ mi dé orí agolo, ó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, etí rẹ̀ pọ́n. Ọ̀gágun wá béèrè pé ta ló yẹ ọkọ̀ náà wò kí wọ́n tó gbé e síwájú òun. Màmá Terésà wo Ẹnjiníà. Ẹnjiníà wo kọ́tìnnì.

Bẹ́pẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó rìn wá bá mi, mo sì di ojú nítorí pé mo rò pé ìgbájú ń bọ̀. Ó di etí mi méjèèjì mú, ó fi ẹnu ko mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òsì níwájú gbogbo ìlú, pẹ̀lú òórùn àlùbọ́sà. Màmá Terésà ló fún mi ní ìgbájú náà.

Ọ̀gágun ní òun yóò padà wá ní ọjọ́ kẹta. Ó ní kí ẹni tó ya aṣọ náà tún un lẹ̀. Ó wá fi ìka ògì náà nà sí mi, ó ní òun kò ní wọ ọkọ̀ yìí, òun kò sì ní rà á, àfi bí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ bá jókòó ti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú òun.

Mo wo àwọn ènìyàn yẹn. Gbogbo ilé tó wà létí adágún náà, ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń wò mí bí ẹ ṣe ń wo ojú ọ̀run nígbà tí iṣu bá fẹ́ kú sóko. N kò rí àwáwí kankan ní ẹnu mi.

Òkè

Mo fi aṣọ so imú mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì fi omi agolo náà kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Màmá Terésà dúró tì mí láti orí èkíní dé ìkẹrin. Ọwọ́ mi rùn bí ilé ọtí fún odindi oṣù kan.

Ní ọjọ́ kẹta mo wọ inú ọkọ̀, apá òsì, lórí àrán pupa. Ọ̀gágun jókòó níwájú mi. Fèrèsé àti kọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òrùlé ni kò sí lórí wa. Bí mo bá yí orí díẹ̀, apá ìsàlẹ̀ nìyẹn, ibi tí mo lẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ mi lè tó. Orogún méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè. Mo fa okùn ṣẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bẹ́pẹ̀ ju ọwọ́ sí mi, inú rẹ̀ dùn. Mo tún fà á títí wajawaja rẹ̀ fi já sí mi lọ́wọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ó bò wá lójú, òdòdó Ẹnjiníà fò kọjá létí mi. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n tán, mo kọ orin míṣọ́nnárì.

Lẹ́yìn náà ariwo omi dá. Mo di àrán mú, a ti wà lókè.

Aṣọ ni mo ń wò. Àwọn ìkán omi wà lórí rẹ̀, wọ́n ń sá lọ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbẹ. Igba ó lé méjìlá ni ojú abẹ́rẹ́ tó yí i ká. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹyọ kan wọ́ díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bí kò ṣe èmi. Ọ̀gágun ń pariwo, ó ń nawọ́ síbí, ó ń nawọ́ sọ́hùn-ún, ó ń fi ọwọ́ lù mí léjìká pé kí n wò ó. Mo ń mi orí. Mo ń wo aṣọ.

Nígbà tí ìdí ọkọ̀ kan omi padà tí wọ́n fà wá sí èbúté, Onígi dúró níbẹ̀ láti túmọ̀. Ọ̀gágun ní òun yóò rà á. Igbe ta ní etí adágún. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ní ṣé mo rí àwọn òkè yìnyín láti òkè wọn, ṣé mo rí erékùṣù kékeré tó wà láàárín omi, ṣé mo rí bí ìlú ṣe kéré bí ọwọ́?

Mo ní mo rí wọn, wọ́n dára púpọ̀.

Irọ́ ni mo pa. Aṣọ ni mo wò láti ilẹ̀ dé òkè, òun náà ni mo wò láti òkè dé ilẹ̀, kò sì dẹ̀.